Òǹtẹ̀ Ọjọ́ Kejìdínlógún

Bàbá mi kì í purọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń fọ́nnu, òǹtẹ̀ ló sì máa ń fi fọ́nnu. Ọdún mọ́kànlélógún ló fi ṣe akọ̀wé lẹ́tà nínú ọkọ̀ ogun ojú omi kan. Kò sí lẹ́tà tí atukọ̀ kan kọ sílé tí kò gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Òun ló ń ṣí àpótí lẹ́tà, òun ló ń lu òǹtẹ̀ orúkọ ọkọ̀ àti ọjọ́ mọ́ ojú àpòòwé kọ̀ọ̀kan, òun náà ló ń kó wọn sínú àpò tí wọ́n máa gbé sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀. Bàbá Òǹtẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é.

Èmi ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí mo ń ránṣọ ní yàrá iwájú ilé wa, mo ti gbọ́ ìtàn ọkọ̀ yẹn títí ó fi sú mi. Ìyá Àgbà ni àwọn atukọ̀ ń pe ọkọ̀ náà, nítorí ó máa ń wúkọ́ kó tó gbéra. Bàbá kọ ìgbésí ayé ọkọ̀ náà sínú ìwé mẹ́ta: ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tì í sínú omi, gbogbo èbúté tó dé, ọjọ́ tó gun iyanrìn, ọdún tí wọ́n kun nọ́ńbà tuntun sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, títí dórí ọjọ́ tí wọ́n gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí irin lásán. Ó lẹ àpòòwé àtijọ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan láti fi òǹtẹ̀ ìgbà náà hàn. Òǹtẹ̀ àkọ́kọ́ rí roboto, ó ní orúkọ ọkọ̀. Nígbà tí ogun gbóná, wọ́n yọ orúkọ kúrò, ó ku nọ́ńbà nìkan. Ìkẹta dá orúkọ padà, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sán díẹ̀, torí ó já bọ́ sórí irin. Tí Bàbá bá ń sọ ti èyí tó já bọ́, ẹ ó rò pé èmi gan-an ló jù ú sílẹ̀.

"Èèyàn lè purọ́," ló máa ń sọ, "òǹtẹ̀ kì í purọ́."

Láàárọ̀ Sátidé kan, mo ń ṣẹ́ etí ṣòkòtò kan lọ́wọ́ nígbà tí màmá arúgbó kan fi ọ̀pá kan ilẹ̀kùn. Ọkùnrin kan tó ń kó àpòòwé àtijọ́ jọ ló júwe ilé wa fún un. Mo fún un ní àga, mo fún un lómi, ó gba àga, kò wo omi.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá," ó sọ fún bàbá mi, "ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá. Mo ti lé ní ọgọ́rin ọdún, mi ò fẹ́ gbé e wọ sàréè. Ṣé ọmọ mi kú ni àbí kò kú?"

Bàbá wò mí. Èmi náà wò ó. Irú ìbéèrè wo nìyẹn láàárọ̀ kùtùkùtù?

Màmá náà tú ìdì kan lórí itan rẹ̀. Ìwé méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́ jẹ́ wáyà tí àwọn ọ̀gá ọkọ̀ tẹ̀ sí i ní ogójì ọdún sẹ́yìn: ọmọ rẹ̀ ń so okùn lórí ọkọ̀ ní ìdájí ọjọ́ kẹta oṣù, ó ṣubú sómi, wọn ò rí i mọ́. Ìkejì jẹ́ lẹ́tà tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ kọ. Wọn kì í jẹ́ kí àwọn atukọ̀ kọ ọjọ́ tàbí ibi tí wọ́n wà sínú lẹ́tà, nítorí náà kò sí ọjọ́ kankan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú àpòòwé ní òǹtẹ̀ roboto tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sán, àti ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kan náà.

"Ọjọ́ kẹta ló kú," ni màmá náà wí, "ọjọ́ kejìdínlógún ló fi lẹ́tà ránṣẹ́. Mi ò tíì sunkún rẹ̀ rí. Ta ló máa ń sunkún ẹni tó ń kọ lẹ́tà?"

Orí mi dàrú. Mo ní bóyá atukọ̀ mìíràn ló rí lẹ́tà náà nínú ẹrù ọmọ náà tó sì bá a fi sínú àpótí. Bàbá ṣí ìwé rẹ̀ kejì, ó fi ìka tọ ìlà náà. Ọjọ́ karùn-ún ni ọkọ̀ Ìyá Àgbà gúnlẹ̀, tí wọ́n sì gbé àpò lẹ́tà sọ̀ kalẹ̀. Láti ọjọ́ keje ló ti wọ ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe, gbogbo atukọ̀ sì ti lọ sílé fún ìsinmi. Ní ọjọ́ kejìdínlógún, àwọn ẹ̀ṣọ́ mẹ́rin àti akọ̀wé lẹ́tà nìkan ló kù nínú ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ wá tún ta kókó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Bàbá, ṣé kì í ṣe pé ẹ gbàgbé láti yí ọjọ́ ara òǹtẹ̀ ni?" mo bi í.

Ìbéèrè yẹn bí i nínú. "Èmi? Àràárọ̀ ni mo ń yí i, kí n tó fọ ẹnu mi! Òǹtẹ̀ mi kò purọ́ rí!"

"Ó dáa," ni màmá náà wí jẹ́jẹ́. "Tí òǹtẹ̀ yín kò bá purọ́, á jẹ́ pé wáyà ló purọ́. Ẹ sọ ibi tí ọmọ mi wà fún mi."

Àṣé èèyàn lè fi ẹnu ara rẹ̀ ti ara rẹ̀ mọ́lé báyìí! Bàbá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún nù ún, awò tí kò dọ̀tí. Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí, àbí ó ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà tó ti rí àpòòwé náà.

"Mámà," ó ní, "ọmọ yín kú ní ọjọ́ kẹta. Ọ̀dọ̀ mi ni lẹ́tà náà wà."

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún wa. Tí ẹnì kan bá kú nínú ọkọ̀, òfin ní kí akọ̀wé yọ lẹ́tà rẹ̀ kúrò nínú àpótí, kó tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀, títí èsì á fi dé pé wáyà ti dé ilé olóògbé. Wọn ò fẹ́ kí ìyá kan máa ka "ara mi le" lọ́wọ́, kí wáyà ikú sì wọlé bá a. Ọjọ́ kejìdínlógún ni èsì ti màmá yìí dé. Ọjọ́ yẹn ni Bàbá yọ lẹ́tà náà jáde, ọjọ́ yẹn náà ló sì lù ú ní òǹtẹ̀, nítorí akọ̀wé kò gbọdọ̀ lu ọjọ́ tó ti kọjá.

"Ṣùgbọ́n òfin tún ní," ó ní, "kí n fi yíǹkì pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òǹtẹ̀ pé a dá lẹ́tà yìí dúró, ẹni tó kọ ọ́ ti kú. Mo mú bírò pupa náà dání. Mo ka orúkọ yín lójú àpòòwé. Mo ní, ojú obìnrin yìí ti rí tó, kí n tún wá fi pupa kọ ikú sára ohun tó kẹ́yìn tó máa gbà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀? Mo dá bírò padà. Ẹ jọ̀ọ́, oore ni mo rò pé mo ṣe."

Inú bí mi sí i, àánú rẹ̀ sì ṣe mí, lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Èyí kì í tilẹ̀ ṣe irọ́, ó sì rin ogójì. Tí èmi bá jẹ́ akọ̀wé náà, ṣé màá kọ ọ́? Mi ò mọ̀.

Màmá náà kò bínú, ìyẹn ló tiẹ̀ dẹ́rù bà mí jù. Ó kàn ń wo bàbá mi bí ẹni tó ń ka ìwé tí kò yé e.

"Àràárọ̀ ni mo ń ṣílẹ̀kùn dè é," ó ní. "Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n jẹ́ ká jókòó ṣọ̀fọ̀, mo lé e jáde. Mi ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí tó fi kú. Ẹ̀yin ni mo wá ń retí láti ọjọ́ yìí?"

Bàbá fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Màmá náà na àpòòwé sí i.

"Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀."

Mo mú bírò pupa tí mo fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ, mo fún Bàbá. Ó kọ ọ́: *A dá a dúró. Ẹni tó kọ ọ́ ti kú.* Nígbà tó kan ọjọ́, ó dúró.

"Mámà, ọjọ́ wo ni kí n kọ? Ṣé ọjọ́ kẹta?"

"Tòní ni kí ẹ kọ," ó dáhùn. "Òní ni ẹ tó sọ fún mi."

Ó gba àpòòwé náà, ó fi lé àyà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ ọmọ rẹ̀ bí a ṣe ń pe orúkọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú.