Àǹtí Tó Ń Kọ́ni Nínú Yàrá Àwòrán

Àǹtí tá a jọ ń gbélé ní Yábàá a máa wé gèlè kó tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ òkè òkun ní Yorùbá nínú yàrá kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí kálukú ti ń fi àwòrán rọ́pò ara rẹ̀. Tirẹ̀ jẹ́ ìyá àgbà tó kọ àbàjà.

"Ẹni tó wọlé tí ò kí ni, ìta ló ṣì wà," ló máa ń tẹ̀ sí wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwòrán ọmọbìnrin kan wọlé, ó rọra rì sísàlẹ̀ títí ó fi ku orí nìkan.

Ọmọ náà kọ ọ́ pé, "Ẹ káàsán mà. Àwòrán yìí ò lórúnkún, àmọ́ mo ti kúnlẹ̀."

Àǹtí gbọ́wọ́ lé ojú kọ̀ǹpútà. "Dìde, ọmọ mi." Kò tẹ̀ ẹ́, ẹnu ló fi sọ ọ́.

Àwòrán náà sì rọra dìde.