Ọtí tí Wọ́n Rì fún Ìgbéyàwó Verica

Bí ẹ bá ń wá alágídí, ẹ má wulẹ̀ rìn jìnnà: Tihomir nìyẹn. Láti kékeré ló ti ń gbin ìyeyè létí odò Morava, tó ń fi í pọn rakija, ògógóró ilẹ̀ wọn, kò sì sẹ́ni tó lè bú ọtí rẹ̀ kó mú un jẹ. Nítorí igi ìyeyè kan ṣoṣo tó wà lórí ààlà, òun àti Ljubisav aládùúgbò rẹ̀ kò bára wọn sọ̀rọ̀ fún ọdún mẹ́tàlélógún. Tihomir ní lọ́dún tí Ljubisav bí Nebojša, ó yọ́ wá ká gbogbo èso igi náà lọ. Ljubisav búra pé òun ò débẹ̀. Igi náà ò ní ìkejì: ọtí rẹ̀ máa ń ta lẹ́nu bí atalẹ̀.

Lọ́dọ̀ wọn, bí wọ́n bá bímọ, bàbá ọmọ á pọn ọtí, á rì í mọ́lẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ náà ni yóò wú u fúnra rẹ̀, kí gbogbo àlejò lè mu níbẹ̀. Bàbá tí kò bá gbé e jáde, yẹ̀yẹ́ dé nìyẹn. Wọ́n á ní kò retí pé ọmọ òun á dàgbà. Sábẹ́ igi kẹrin nínú oko ni Tihomir rì ti Verica sí, ọmọ kan ṣoṣo tó bí.

Ogun wá dé lọ́dún 1999. Ọjọ́ méjìdínlọ́gọ́rin ni ọkọ̀ òfurufú àwọn orílẹ̀-èdè tó para pọ̀ fi ń ju bọ́ǹbù. Wọ́n ní nítorí ohun tí ìjọba ń ṣe ní Kosovo ni. Ta ló bi igi ìyeyè léèrè? Afárá wó, Nebojša tó jẹ́ ṣọ́jà sì kú sídìí rẹ̀. Ní ti oko Tihomir, agolo bọ́ǹbù kéékèèké aláwọ̀ yẹ́lò ló já sínú rẹ̀ bí òjò. Òmíràn bú, òmíràn ò bú, ó sá pamọ́ sínú koríko. Màlúù kan tẹ ọ̀kan. Awọ rẹ̀ gan-an wọn ò rí kó jọ. Àwọn ṣọ́jà ta okùn yí oko náà ká, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá ṣà wọ́n. Ọdún kan kọjá, a ò rí wọn.

Ìgbéyàwó Verica wá ku ọ̀la.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká ra ọtí lọ́jà. Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi á mọ̀."

"Bí ẹ bá wọ oko yẹn, n ò lọ ilé ọkọ mọ́. Àbí òkú yín lẹ fẹ́ kí n sin lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi?"

"Mo ti gbọ́, ìyá mi."

Ó gbọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò gbà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí Verica ń dirun lọ́wọ́, ó mú ṣọ́bìrì, ó gba ẹ̀yìn ilé. Ogójì ìṣísẹ̀ ni láti ibi okùn dé igi kẹrin. Ẹ má jẹ́ ká parọ́, ẹ̀rù ń bà á. Ó gbé ẹsẹ̀ kan kọjá okùn.

"Tihomir! Ṣé orí ẹ pé báyìí?"

Ljubisav ló dúró lódìkejì, nínú oko tirẹ̀.

"Ẹ wò ó o! Lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlélógún, ohun tó fi kí mi nìyí."

"Gbé ẹsẹ̀ yẹn padà."

"Ọmọ mi ń relé ọkọ lónìí. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ."

"Ẹni tí ikú ò tíì wọ ilé rẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀." Ljubisav náà gbé ẹsẹ̀ kọjá okùn. "Ó dáa. Bí o bá gbé ọ̀kan, mo gbé ọ̀kan. Kò kúkú sẹ́ni tó ń dúró dè mí nílé. Ìwọ ńkọ́? Ta ló máa mú Verica lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì?"

Tihomir wò ó. Irun ọkùnrin náà ti funfun tán, òun ò tilẹ̀ mọ ìgbà tó funfun. Ó rántí pé òun ò lọ kí i nígbà tí Nebojša kú. Ojú tì í gan-an. Ó rọra fa ẹsẹ̀ padà.

"Kí ni kí n wá gbé síwájú àlejò báyìí?"

"Dúró síbẹ̀."

Ljubisav lọ sẹ́yìn ilé ìdáná rẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀. Nígbà tó dé, ó gbé ìgò ńlá kan lọ́wọ́, erùpẹ̀ tútù ṣì lẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n fín orúkọ sí i lára: Nebojša, 1977.

"Ọtí ìgbéyàwó ni," ó wí. "N ò lè gbé e fún àwọn tó wá sìnkú, ọwọ́ mi ò gbà á. Gbà, kí wọ́n mu ún níbi ìgbéyàwó."

Bàbá ìyàwó ló máa ń kọ́kọ́ tọ́ ọtí náà wò. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Tihomir dìde níwájú gbogbo àlejò, ó ta díẹ̀ sílẹ̀ fún Nebojša, ó sì gbé ife sẹ́nu.

Ó ta á lẹ́nu bí atalẹ̀.

Ó gbé ife náà kalẹ̀, ó wo Ljubisav. Ljubisav sorí kọ́ nídìí tábìlì, kò jẹ́ wo ojú rẹ̀. Ó kúkú mọ ohun tó gbé wá.

"Bàbá, ṣé kò dára ni?" ni Verica béèrè. "Èso igi wo ni?"

Omi ti lé ròrò sójú Ljubisav. Tihomir fa àga, ó jókòó tì í, ó bu ọtí kún ife rẹ̀.

"Ó dára, ọmọ mi," ó wí. "Igi tiwa ni, èmi àti òun."