Jíà Ẹ̀yìn Tó Há Lábẹ́ Ọkọ̀ Ìyá Bísọ́lá

Kí Ìyá Bísọ́lá tó yà kúrò lójú títì Ìdímù wọ ṣọ́ọ̀bù mi, mo ti gbọ́ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ rẹ̀. Bó ṣe ń yí píkọ́ọ̀pù náà sí ọwọ́ ọ̀tún, táyà ẹ̀yìn kan ń ha ilẹ̀ bí ẹni ń wọ́ àpótí lórí sìmẹ́ńtì, gbogbo ara ọkọ̀ sì ń gbọ̀n. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó kí mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí pé kí n má bínú sí ariwo, bí ẹni pé ẹnu òun gan-an ló ti ń jáde.

Opó ni. Ọkọ rẹ̀ sin ẹja àrọ̀ nínú ilẹ̀ àbàtà kan lẹ́yìn Ìgandò, píkọ́ọ̀pù yìí náà ló sì fi ń kó àwọn dúrọ́ọ̀mù ẹja lọ sọ́jà. Nígbà tí ọkùnrin náà kú, ìyàwó bọ́ sí ìdí iṣẹ́, ó kọ́ ọkọ̀ wíwà fúnra rẹ̀. Àmọ́ ọkọ̀ ti gbó, kò sì pẹ́ tí àìsàn yìí fi mú un. Ó ti gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì kan kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Wọ́n ní kó ra gbogbo irin ẹ̀yìn rẹ̀ tuntun. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan nínú wa ṣe rí, bí o bá ní orí ń fọ́ ọ, wọ́n á ní kí o pààrọ̀ ọrùn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, Bọ̀dá Kàmọ́rù tó ń gbé Àgbàdo, tiẹ̀ wá wo ọkọ̀ náà níbi tó dúró sí, ó fi ẹsẹ̀ ta táyà rẹ̀, ó ní kó tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, kí àyè lè gbà wọ́n nínú ọgbà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì, irin roboto kan wà tó dà bí ìkòkò. Jíà ẹ̀yìn ni a ń pè é. Òun ló ń pín agbára ẹ́ńjìnnì fún táyà méjèèjì. Bí ọkọ̀ bá ń yí kọ́nà, táyà tó wà níta ní ọ̀nà gígùn láti rìn ju tinú lọ, jíà yìí ló sì ń jẹ́ kí ọ̀kan yára ju èkejì. Ṣùgbọ́n nínú ẹrẹ̀, táyà tó bá rì ló máa ń gba gbogbo agbára, yóò kàn máa yí lásán. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi lọ́ọ̀kì sí i nínú àwọn píkọ́ọ̀pù kan. Awakọ̀ á tẹ súwíìsì, mọ́tò kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà á ti irin kan wọlé, táyà méjèèjì á sì máa yí pọ̀. Nínú àbàtà, ó ń gbani. Lójú títì, tí kò bá ṣí, ìyà ni.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, Ọ̀gá Ràṣídì, ará Ògbómọ̀ṣọ́, kì í jẹ́ ká sáré tú nǹkan. Á ní, "Mùfútáù, má tú irin tí o kò tíì bi léèrè ọ̀rọ̀." Mo fi jáàkì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè, mo fi jíà ọwọ́ sí nútírà, mo sì fi ọwọ́ yí táyà kan. Bí lọ́ọ̀kì bá ṣí, ìdàkejì ni táyà kejì máa ń yí sí. Ṣùgbọ́n ibi kan náà ni àwọn méjèèjì kọrí sí. Lọ́ọ̀kì ti há nìyẹn. Mo tú ọ́ìlì inú rẹ̀ sínú ike. Ó funfun bí ẹ̀kọ mímu, omi ti wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èérún irin nínú rẹ̀, èyí tó fi hàn pé eyín jíà kò tíì jẹ. Mo wá yọ mọ́tò kékeré náà. Ìpẹtà ti mú un gírígírí, wáyà rẹ̀ sì ti já sí abẹ́ rọ́bà tó bò ó. Omi àbàtà Ìgandò ló ṣe gbogbo rẹ̀.

Iṣẹ́ náà gba sùúrù. Mo fọ mọ́tò, mo yọ ìpẹtà ibi tí irin ti ń rìn, mo so wáyà, mo pààrọ̀ rọ́bà tí kì í jẹ́ kí omi wọlé, mo sì da ọ́ìlì tuntun sí i. Nígbà tí mo tẹ súwíìsì, mo gbọ́ "kó" kan lábẹ́ ọkọ̀. Mo tún tẹ̀ ẹ́, "kó" náà tún dún, lọ́ọ̀kì sì ṣí. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo ń tẹ̀ ẹ́ ṣeré.

Èmi àti Ìyá Bísọ́lá jọ gbé e lọ sí Ìgandò. Ó rọra wọ inú àbàtà lọ síbi ẹja rẹ̀, ó tẹ súwíìsì, píkọ́ọ̀pù náà sì gun òkè ẹrẹ̀ jáde tòun ti dúrọ́ọ̀mù tó kún. Ó kàn di ọwọ́ ọkọ̀ mú, ó ń mi orí.

Iṣẹ́ tí mo ṣe dáadáa yẹn ló fa ohun tó tẹ̀ lé e. Bọ̀dá Kàmọ́rù rí ọkọ̀ náà ní Òkè-Odò tó ń kó ẹja kọjá. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, òun àti àwọn ẹbí wá sílé opó náà, wọ́n ní ohun ìní àbúrò àwọn ni, wọ́n sì gba kọ́kọ́rọ́. Ìyá Bísọ́lá pè mí kí n wá sọ bí ọkọ̀ ṣe rí nígbà tó gbé e wá.

Mo lọ, mo sọ ọ́. Bọ̀dá Kàmọ́rù fara balẹ̀ gbọ́ mi tán. Ó ní, "Mẹkáníìkì, a dúpẹ́, iṣẹ́ rẹ dára. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kun ilé àbúrò mi ní ọ̀dà tuntun, ṣé kì í ṣe ilé àbúrò mi mọ́ ni?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, nígbà tí kò lè rìn, kò sẹ́ni tó rántí pé àbúrò yín ló ni í."

Àgbà kan nínú wọn wá ní kí n máa lọ, pé ọ̀rọ̀ ẹbí kì í ṣe ti mẹkáníìkì.

Ìyá Bísọ́lá sìn mí dé ẹnu géètì. Kò sunkún. Ó wò mí lójú, ó ní, "Bọ̀dá Mùfú, ṣé ẹ lè bá mi bà á jẹ́ padà ni?" Mi ò mọ̀ bóyá ó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Yanrìn ni wọ́n ń fi ọkọ̀ náà kó ní Àgbàdo báyìí. Bọ̀dá Kàmọ́rù ránṣẹ́ pè mí nígbà kan pé kí n wá yẹ̀ ẹ́ wò, mo ní ọwọ́ mi dí. Ìyá Bísọ́lá háyà ọkọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn awakọ̀ kì í fẹ́ wọ inú àbàtà, ẹja sì ń kú kó tó dé ọjà. Níkẹyìn, ó gbọ́n omi ibi ẹja náà dànù, ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Wọ́n ní ó ti padà sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Ọ̀yọ́.

Láti ìgbà náà, bí obìnrin bá gbé ọkọ̀ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ wá, mi ò kọ́kọ́ wo abẹ́ rẹ̀ mọ́. Mo máa ń bi í pé ta ló ni í. Láìpẹ́ yìí, ọ̀kan gbé bọ́ọ̀sì olóògbé ọkọ rẹ̀ wá, jíà rẹ̀ kò wọlé dáadáa. Mo ní, "Màámi, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ ná. Ẹ lọ bá àwọn ẹbí sọ̀rọ̀, kí ọkọ̀ di tiyín pátápátá, kí ẹ tó tún un ṣe." Ó bínú. Ó ní òun wá tún ọkọ̀ ṣe ni, òun ò wá gba ìmọ̀ràn, ó sì wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tó wà níwájú. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó wà á kọjá níwájú mi lọ sí ọ̀nà Ẹ̀gbẹ́dá. Ọkọ̀ náà ń lọ geere, obìnrin náà sì ń rẹ́rìn-ín.