Murdina Tí Ó Ń Fi Ọkọ̀ Gbé Ìbò Ardcorrie

Ní erékùṣù wa, Sgarra, kò sí olóṣèlú tó lè dé ọ̀dọ̀ wa láìgba ọwọ́ Murdina Matheson kọjá. Ọkọ̀ pákó tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ló fi ń jẹun. Àwọn ọkùnrin kan ní omi tiwa kì í ṣe omi tí obìnrin ń tukọ̀ lórí ẹ̀. Murdina ò bá wọn jiyàn. Ó ń gbé wọn lọ, ó ń gbé wọn bọ̀, títí ẹnu wọn fi wọhò.

Ará ẹkùn ìdìbò Ardcorrie ni wá nígbà náà. Láti ayé àwọn bàbá ńlá wa, ẹgbẹ́ òṣèlú Líbárà ló ń wọlé níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣojú wa nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní London ò fi ẹsẹ̀ tẹ Sgarra rí. Wọ́n ní ìbò wa ò tó nǹkan, pé àgùntàn ibẹ̀ pọ̀ ju èèyàn lọ. Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ń dun Murdina, torí a ò ní èbúté. Inú omi tútù la máa ń sọ̀ sí, àtarúgbó àtaláboyún.

Nígbà ìdìbò ọdún 1950, ó rí olùdíje méjì létí omi lódìkejì. Ọ̀kan ni Méjọ̀ Ogilvie ti ẹgbẹ́ Kọ́nsáfétífù, ọkùnrin gbàǹgbà onírunmú. Èkejì ni Hector Gillanders ti ẹgbẹ́ Lébà, tíṣà tó rí tín-ín-rín.

“Ẹ̀yin ọ̀gá, ṣé ẹ ò ní wá kí wa ni?” ni Murdina bi wọ́n.

“Màá wá,” ni Méjọ̀ wí, “ṣùgbọ́n èmi àti tíṣà yìí ò lè jọ wọ ọkọ̀ kan náà.”

“Ìjì ń bọ̀, sà. Mi ò tún ní lọ lẹ́yìn èyí. Ẹni tí ò bá wọ̀ ọ́, kó yáa máa lúwẹ̀ẹ́ bọ̀.”

Wọ́n wọ̀ ọ́. Iyàn lórí owó èédú ni wọ́n ń jà tí ìgbì fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọkọ̀ sókè sódò. Ojú tíṣà yí padà bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ò pọ́n. Ó na ọwọ́ sí ohun tó sún mọ́ ọn jù, ìyẹn fìlà Méjọ̀, ló bá bì sínú ẹ̀.

“Fìlà mi! Fìlà tí mo fi jagun!”

“Ẹ jọ̀ọ́, sà,” ni tíṣà fi ohùn kékeré wí. “Àlàyé yín lórí owó èédú ló padà jáde yẹn.”

Murdina rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú ẹ̀. Ibi tó ti ń rẹ́rìn-ín ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ti húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì kú.

“Ó yá, ẹ gbá àjẹ̀ mú.”

“Èmi? Olùdíje?” ni Méjọ̀ wí.

“Ẹrù ni yín báyìí, sà. Ẹ wà á!”

Méjọ̀ ń fi agbára tirẹ̀ wà á lápá kan, tíṣà ń fi ìkánjú tirẹ̀ wà á lápá kejì, ọkọ̀ sì ń yí po lójú kan bí ajá tó ń lé ìrù ara ẹ̀.

“Abájọ tí London ò fi rí nǹkan kan ṣe fún wa!” ni Murdina kígbe. “Ẹ jọ wà á pọ̀!”

Nígbà tí wọ́n fi ohùn kan wà á, ọkọ̀ lọ. Wọ́n dé Sgarra, wọ́n sọ̀ sínú omi tó dé itan, Méjọ̀ sì ké bíi màlúù. Murdina ò ní láti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ èbúté mọ́.

Ìyá Dolina, àgbà obìnrin wa, fún wọn ní ọbẹ̀ àgùntàn àti ṣòkòtò olóògbé ọkọ rẹ̀. Ti Méjọ̀ ò kọjá orúnkún. “Ọmọ mi,” ni ìyá wí, “ẹsẹ̀ rẹ funfun ju àgùntàn mi lọ o!” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Níbẹ̀ ni àwọn méjèèjì ti ṣèlérí pé ẹni tó bá wọlé yóò kọ́ èbúté, èkejì yóò sì tì í lẹ́yìn.

Murdina ló gbé àpótí ìbò wa sọdá. Líbárà ló ń léwájú títí wọ́n fi tú àpótí Sgarra. Ìbò wa ló gbé tíṣà wọlé, pẹ̀lú ìbò díẹ̀ péré. Méjọ̀ ló kọ́kọ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. “Èbúté ńkọ́?” ló bi í lójú gbogbo èèyàn.

Wọ́n kọ́ ọ. Nígbà tó yá Méjọ̀ gba ipò náà lọ́wọ́ tíṣà, Líbárà sì tún gbà á padà, ṣùgbọ́n kò sí olùdíje tó tún fo Sgarra dá.

Nígbà tó di pé ìjọba fẹ́ pa Ardcorrie rẹ́ kí wọ́n dà á pọ̀ mọ́ ẹkùn ńlá kan, a tẹ̀ lé Murdina lọ sí ìpàdé wọn, ó sọ tẹnu ẹ̀. Wọ́n gbọ́, wọ́n mi orí, wọ́n sì ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Ó sunkún nígbà tí a ń bọ̀ wálé. Kó tó di pé a gúnlẹ̀, ó ti nu ojú. “Òkú àgbà kọ́ nìyí? Ẹ jẹ́ ká fi ijó sin ín.”

Ijó yẹn pọ̀. Gòjé ń dún, wisikí ń ṣàn. Méjọ̀ àti tíṣà, tí àwọn méjèèjì ti darúgbó, ń jiyàn ta ló ba Ardcorrie jẹ́ jù. Ẹnì kan bi Murdina pé ẹgbẹ́ wo ló ń dìbò fún láti ọjọ́ yìí wá.

“Lọ bi àpótí,” ló wí, ó sì fa Méjọ̀ dìde sí ijó.