Ẹsẹ̀ Kékeré Lórí Sìmẹ́ńtì

Ó ku nǹkan bí oṣù kan kí n bí àkọ́bí mi nígbà tí nọ́ọ̀sì tó ń yẹ̀ mí wò sọ fún mi pé ọmọ náà jókòó. Ó ní orí rẹ̀ wà lókè lábẹ́ ọmú mi, ìdí àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọjú sí ọ̀nà. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ṣé ó rò pé ìpàdé la pè é sí ni?" Nọ́ọ̀sì náà kò bá mi rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Bí kò bá tíì yí padà, wọ́n á mú ọjọ́ tí wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi. Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó di ọwọ́ mi mú.

"Ẹ gbọ́ o, mọ́mì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ tẹ̀ yín níkùn. Ẹnikẹ́ni o."

Mo ní mo ti gbọ́. Irọ́ ni. Ọ̀bẹ ló ń bà mí lẹ́rù, kì í ṣe ọwọ́. Obìnrin kan tí a jọ ń di páálí ní iléeṣẹ́ ike ní Sango wọ yàrá iṣẹ́ abẹ lọ́dún tó ṣáájú, kò jáde. Àwa la dáwó fún ọkọ rẹ̀. Ó dá mi lójú pé bí wọ́n bá là mí, èmi náà kò ní jí. Bí ọmọ náà bá ṣáà ti lè yí padà, ẹni tó wù ú kó yí i.

Ìyá ọkọ mi dé láti Ìkìrun lọ́jọ́ kẹta. Obìnrin tí kì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni àfi Ọlọ́run ni, ó sì máa ń bá Ọlọ́run náà jiyàn. Ó fọwọ́ kan ikùn mi lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní, "Ìgè ló fẹ́ jẹ́." Ìgè là ń pe ọmọ tó bá fi ẹsẹ̀ wáyé. "Mi ò fẹ́ Ìgè. Orí ni kó fi wá, bíi ti bàbá rẹ̀." Ó ti gbọ́ nípa ìyá kan ní Àtàn tó ń fi òróró àti ọwọ́ yí ọmọ padà nínú ikùn. Ṣùgbọ́n ó ní ohun tí ìyá tirẹ̀ kọ́ ọ tí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe. Nínú ilé tí ọmọ bá ti jókòó sínú ìyá rẹ̀, nǹkan kan kò gbọdọ̀ dojú dé. Bí gbogbo abọ́ àti garawa bá ṣíjú sókè fún òwúrọ̀ mẹ́ta léraléra, ọmọ ti gbà nìyẹn, ọwọ́ lè kàn án. Bí ẹyọ kan bá dojú dé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dán an wò.

Ilé oníyàrá mẹ́jọ là ń gbé ní Ìjù, yàrá mẹ́rin kọjú sí mẹ́rin, àgbàlá onísìmẹ́ńtì wà lẹ́yìn. Ibẹ̀ ni bọ́kẹ́ẹ̀tì gbogbo ayálégbé máa ń wà, a sì máa ń dojú wọn dé nítorí eruku iléeṣẹ́ tó ń bà lé ohun gbogbo. Ìyá ọkọ mi lọ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà, ó bẹ gbogbo wọn. Wọ́n gbà. Ta ni yóò fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun ni kò jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ yí? Ìyá onílé nìkan ni kò sọ nǹkan kan. Arúgbó pínnísín ni, ọmọ bíbí Ọ̀tà, Mùsùlùmí tí kì í fi ìrun àsùbáà ṣeré. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó wo ikùn mi, ó padà sórí ẹní rẹ̀.

Òwúrọ̀ kìíní, gbogbo nǹkan ṣíjú sókè. Òwúrọ̀ kejì, bọ́kẹ́ẹ̀tì pupa mi dojú dé láàárín àgbàlá.

Gbogbo ilé búra pé àwọn kọ́. A bẹ̀rẹ̀ sí í ka òwúrọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, abọ́ ìfọṣọ ará iwájú yàrá wa ló dojú dé. Lẹ́yìn ìyẹn, garawa omi. Lẹ́yìn ìyẹn, bọ́kẹ́ẹ̀tì pupa mi lẹ́ẹ̀kan sí i. A ò rí òwúrọ̀ mẹ́ta kà rí. Ìyá ọkọ mi kò bi èèyàn léèrè mọ́. Ó kàn máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà àgbàlá, á wo nǹkan tó dojú dé náà, á wá wo ikùn mi. "Ó ń kọ̀," ni ó máa ń wí. Láti ìgbà náà kò fọwọ́ kàn mí níkùn mọ́.

Èmi tí mo ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹnu mi wọhò. Ní gbogbo ìdájí, kí fèrè iléeṣẹ́ tó dún ní aago mẹ́fà, ọmọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ tẹ ìsàlẹ̀ inú mi, bí ẹni ń wá ilẹ̀ tí yóò dúró lé. Ọkọ mi ti máa ń wọ bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ lọ sí Agbára nígbà yẹn. Èmi nìkan ni mo máa ń dùbúlẹ̀ síbẹ̀, tí mo ń gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ kan ó tẹ̀ mí títí mo fi dìde láti lọ tọ̀. Ilẹ̀ ti ń mọ́ díẹ̀díẹ̀. Abọ́ kan dojú dé láàárín àgbàlá, ipa ẹsẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ẹsẹ̀ tútù, tó kéré bí ẹsẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ìka márààrún hàn ketekete. Ipa ẹsẹ̀ náà gbéra láti ibi abọ́, ó rìn bí ìṣísẹ̀ mẹ́rin, ó gbẹ kó tó dé ẹnu ọ̀nà kankan. Kò sí ọmọ tó tó bẹ́ẹ̀ nínú ilé wa. Mo gbé ẹsẹ̀ tèmi tó ti wú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan, tèmi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Mo wá fi ọwọ́ méjèèjì wá ọmọ inú mi. Ó dákẹ́ rọ́rọ́. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tí mo ń wá ni bóyá ó wà nílé.

Ó pẹ́ kó tó mira. Nígbà tó mira, inú mi kò dùn. Ẹ̀rù rẹ̀ bà mí, ọmọ tí mo ti ra fìlà fún.

Mo sọ fún ìyá ọkọ mi. Ó ku ọjọ́ méjì kí n padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Ìyá ọkọ mi ní, "Lọ́la la ń lọ sí Àtàn. Ó dojú dé o, kò dojú dé o, wọ́n á yí i." Ìyá onílé ń fọ ìrẹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Kò gbójú sókè.

Lọ́jọ́ kejì mo tún jí ní ìdájí, mo bọ́ sí àgbàlá. Ìyá onílé ló wà níbẹ̀. Búùtà àlùwàlá rẹ̀ wà lọ́wọ́ kan, ó ń fi ọwọ́ kejì dojú bọ́kẹ́ẹ̀tì pupa mi dé. Omi ń kán lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ kékeré bíi ti ọmọdé tí n kò wò rí láti ọdún tí mo ti ń sanwó ilé fún un.

Inú bí mi débi pé n kò kí i. "Ìyá, kí ni mo fi ṣe yín? Mo ti ń sá fún ọmọ inú mi nítorí yín!"

Kò sá, kò sì bẹ̀bẹ̀. Ó gbé búùtà sílẹ̀, ó jókòó lórí bọ́kẹ́ẹ̀tì tó dojú dé náà.

"Ìyá ọkọ ẹ ló ní bí nǹkan bá dojú dé, ẹ ò ní lọ. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ lọ ni. Mo gbọ́ ohun tó wí lánàá, mo ṣì tún dán an wò."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?"

"Ta ni mí láàárín ìwọ àti ìyá ọkọ ẹ? Ìyá ọkọ tèmi náà ló mú mi lọ." Ó fa aṣọ bo orúnkún rẹ̀. "Tèmi náà jókòó. Obìnrin méjì dì mí mú, ìkẹta fi òróró tì í. Ó yí. Gbogbo ilé yọ̀, wọ́n pa adìẹ."

N kò fẹ́ béèrè ìyókù.

"Ó fi orí wá, bí wọ́n ṣe fẹ́," ni ó wí. "Okùn ìwọ́ ti lọ́ mọ́ ọn lọ́rùn. Àtìgbà tó ti yí ni ò ti mira mọ́. Èmi nìkan ni mo mọ̀. Wọ́n ń jẹ adìẹ, mo sì dákẹ́."

Fèrè iléeṣẹ́ dún. Ó gbé búùtà rẹ̀, ó lọ kírun.

Mo jókòó sórí bọ́kẹ́ẹ̀tì náà títí ìyá ọkọ mi fi jáde pẹ̀lú ìgò òróró nínú báàgì. Mo ní, "Mọ́mì, mi ò lọ. Kí wọ́n là mí." Ó la ẹnu láti bá mi jà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ bọ́ sórí ipa ẹsẹ̀ kékeré tí kò tíì gbẹ tán. Kò sọ̀rọ̀ Àtàn mọ́ láti ọjọ́ náà.

Wọ́n là mí. Mo bẹ̀rù títí oorun abẹ́rẹ́ fi gbé mi lọ, mo sì jí. Obìnrin ni ọmọ náà. Títí di òní, ìyá ọkọ mi ń ròyìn fún àwọn ará Ìkìrun bí ọmọ ọmọ òun ṣe máa ń jáde nínú ìyá rẹ̀ ní ìdájí láti dojú bọ́kẹ́ẹ̀tì dé. N kò tíì sọ òótọ́ fún un. Bó bá gbọ́, kó forí jì mí.

Lọ́jọ́ tí a padà délé, mo gbé ọmọ náà lọ bá ìyá onílé lórí ẹní rẹ̀. Kò wo ojú rẹ̀. Ó ṣí aṣọ ní ìsàlẹ̀, ó kó ẹsẹ̀ méjèèjì sínú àtẹ́lẹwọ́ kan, ó dì wọ́n mú. Ó pẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà fẹsẹ̀ ta ọwọ́ rẹ̀.

"Ó ń mira," ni ó wí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Ó tún un sọ, "Ó ń mira."