Bàálé Mi Tó Mọ̀ọ́mọ̀ Ṣi Kéwú Kà

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́, inú ń bí mi! Gàfárù ọkọ mi kì í ṣe òpè. Láyé kọmándà Faransé, nínú gbogbo àwa Yorùbá Mùsùlùmí tá a ń tajà ní Atakpamé nílẹ̀ Tógò, kò sẹ́ni tó mọ kéwú jù ú lọ. Iṣẹ́ tó tún fi kún un ni pé á lọ bá àwọn àlùfáà kéékèèké nílé kéwú wọn, á kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ.

Sàlísù wà lára wọn. Ohùn rẹ̀ dùn, àmọ́ pàṣán rẹ̀ kì í sinmi. Bí ọmọ bá ṣi ọ̀rọ̀ kan péré kà, fààà! Àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọ wọn kúrò. Nígbà tí ilé kéwú fẹ́ tú, ó sáré wá bẹ ọkọ mi.

Ọkọ mi lọ jókòó sẹ́yìn, kò wí nǹkan kan lójú àwọn ọmọ. Ìgbà tí wọ́n túká ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bi í pé, "Àlùfáà, ọmọ tẹ́ ẹ nà lẹ́ẹ̀kan, ṣé ó ti wá mọ̀ ọ́n kà?" Ẹ gbọ́ o, ọmọ tí kò tíì hu irùngbọ̀n ló ń pè ní àlùfáà!

Sàlísù wolẹ̀. "Rárá, bàbá. Mi ò mọ ọ̀nà míì ni."

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ mi gbé wàláà, pátákó ìkéwú àwọn ọmọ, ó jókòó láàrin àwọn ọmọ, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣi kéwú kà. Ta ló máa na àgbàlagbà ní pàṣán? Sàlísù ní láti fẹ̀sọ̀ bi í pé ibo ló ti ṣìnà, kó sì dúró dè é. Bàbá á tún ṣì í, òun náà á tún fẹ̀sọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é títí Sàlísù fi ju pàṣán nù. Àwọn ọmọ padà, ilé kún.

Àmọ́ ọ̀nà ọjà ni ilé kéwú ọ̀hún wà. Ará Atakpamé, ará Glei tó wà nítòsí, gbogbo wọn ń rí àgbàlagbà tó ń ṣi súrà ọmọdé kà. Ẹnu wọn ò sì gbófo! "Àṣé Gàfárù ò mọ nǹkan kan!" Wọn ò pè é síbi ìsọmọlórúkọ mọ́, wọn ò pè é síbi yìgì. Sàlísù ni wọ́n ń pè. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu: ó ń lọ, kò sì sọ nǹkan kan.

Mo ní, "Bàálé mi, ẹ sọ̀rọ̀! Orúkọ yín ni wọ́n ń bà jẹ́ yẹn."

Ó ní, "Sẹ̀ríyà aya mi, bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní orí ọmọ àwọn ni Sàlísù ti ń kọ́ṣẹ́, wọ́n á tún kó wọn lọ. Fi í sílẹ̀. Tó bá yá, òun fúnra rẹ̀ á sọ ọ́."

Mo fi í sílẹ̀ bó ṣe wí. Mo ń retí Sàlísù.

Ọkọ mi kú lọ́jọ́ Jímọ̀ kan. Sàlísù ló kírun sí i lára, iwájú ilé wa ló sì ti wàásù. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo sọ lọ́kàn mi pé, ó tó, yóò sọ ọ́ wàyí.

Ó ní, "Ẹ wo ìrẹ̀lẹ̀ bàbá yìí! Ó ti dàgbà kó tó wá kọ́ kéwú lọ́dọ̀ mi. Kò tètè wọ̀ ọ́ lórí, àmọ́ ó gbìyànjú. Kí Ọlọ́run gba ìwọ̀nba tó mọ̀."

Gbogbo wọn ṣe àmín. Mo ké láti inú yàrá pé, "Irọ́ ni! Irọ́ ni!" Àwọn obìnrin dì mí mú, wọ́n ní kí n rọra, pé ìbànújẹ́ ló ń dà mí lórí rú.