Tẹ́ Ẹ Bá Jáde

Ọdún méje ni Gulchaman fi yan búrẹ́dì fún Barat ní Dandenong, ní Ọsirélíà, tòun ti ìwé ìgbélùú olóṣù mẹ́ta-mẹ́ta tí ìjọba ń fún un títí wọn ó fi dá ọ̀rọ̀ ẹ̀ lóhùn. Nígbà tí ìyá ẹ̀ kú nílé, ní Quetta ní Pakistan, ẹ̀rín ni Barat ń rín: "Lọ sin ín ná! Tó o bá jáde nílùú yìí, o ò lè wọlé mọ́." Èmi tí mò ń po ìyẹ̀fun gbọ́, mi ò sì gbàgbé.

Nígbà tó yá, ìjọba fún Gulchaman níwèé ìgbélùú gidi. Ó ṣí ilé búrẹ́dì tiẹ̀ sí òdìkejì títì, mo sì tẹ̀ lé e.

Sátidé tó kọjá, ààrò Barat bàjẹ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀. Ó sáré wá.

"Àbúrò mi, jọ̀ọ́, igba búrẹ́dì péré."

Òní ló wá mọ̀ pé àbúrò òun ni!

Gulchaman ní, "Ẹ jókòó, ọ̀gá. A ń gbé ọ̀rọ̀ yín yẹ̀ wò."

"Títí dìgbà wo?"

"A kì í dájọ́."

Ọ̀sán pọ́n. Fóònù ẹ̀ ò yéé dún. Wọ́n ń wá bàbá ìyàwó. Ó dìde.

Gulchaman ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Ẹ máa lọ ná. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá jáde, ẹ ò lè wọlé mọ́."